Sátidé Tí Gbogbo Ilé Wa Di Kọ̀ǹpútà

Àdìgún, ọkọ mi. Àdìgún ọmọ Erin, ọmọ àjànàkú tí ń jẹ káàkiri igbó tí kì í gbàgbé ọ̀nà odò. Ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-fálejò kó tó bi í níbi tó ti ń bọ̀. Ọmọ baba tó fi igi orógbó ṣòpó ilé, tó ní kí ikán wá jẹ ẹ́ wò. Àdìgún tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá àtòrì, a-rẹ́rìn-ín-kó-tó-sọ̀rọ̀. Àbígbẹ̀yìn ìyá mi, ẹni tí mo pọ̀n títí ọ̀já fi já. Ó ti lọ.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àwọn tó kù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbé ilé yẹn, mo mọ orúkọ bàbá wọn, mo mọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí tí kò dúró. Ṣùgbọ́n àwọn míì ṣì wà láyé, wọn ò sì rán mi níṣẹ́. Oríkì ni ìyá wa fi ń jí Àdìgún láàárọ̀. Oríkì náà ni mo fi pè é yìí, ìyẹn tó.

Láti ọjọ́ tó ti kú ni àwọn àgbà ilé wa ti ń sọ ọ́ sí mi létí pé mi ò ní débi sàréè. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. Kí n jókòó sílé, àwọn ọmọ á lọ sin bàbá wọn, wọ́n á wá jíṣẹ́ fún mi. Mo mọ̀ pé bó ṣe wà nìyẹn, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti Àdìgún tí àwọn àgbà yìí ò mọ̀, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá dá jókòó, mi ò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì mọ́. Inú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó kọ́ ní Yábà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ̀kọ́ yẹn rú mi lójú nígbà náà, ó ṣì ń rú mi lójú dòní. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bó ṣe rí lójú mi ni mo fẹ́ sọ.

Ilé tí à ń gbé nígbà yẹn wà lẹ́yìn Ojú Ẹlẹ́gbà, bí èèyàn bá ń wọ inú Sùúrùlérè lọ. Ilé oníyàrá-kọjú-sí-yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á láàárín, kànga kan wà lẹ́yìnkùlé. Mo ń dirun lábẹ́ páànù tí a nà síwájú ilé. Ọkọ tó gbé mi níyàwó ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́, ó máa ń sùn sí Ìdó ju bó ṣe ń sùn sílé lọ. Nígbà tí ìyá wa kú ní ìlú, Àdìgún kó ẹrù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ kàwé sí i. Mo ní ìwé wo? Ó ní kọ̀ǹpútà.

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi ṣe, Àǹtí mi."

"Ohun tí wọ́n bá ń fi ṣe gbogbo nǹkan, wọn kì í fi ṣe nǹkan kan. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí kò ní sí ọ́fíìsì tí kò ní í."

"Ṣé á máa sebẹ̀ náà?"

"Bí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún un."

Ìgbà tí sápù ìjọba sójà dé, tí iṣẹ́ àti owó wọ́n, ni mò ń wí. Àwọn tó ṣe yunifásítì tán ń bá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn àná. Mo rò ó pé bí àwọn yẹn ò bá ríṣẹ́, ohun tí mi ò tiẹ̀ lè fi ọwọ́ júwe ni tèmi yóò fi ríṣẹ́? Ṣùgbọ́n ó wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ láàárọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni pé kò mú nǹkan kan wálé. Ọmọ tó bá ń kọ́ ìránṣọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi mú àkísà tó fọwọ́ rán wá han ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ káfíńtà á kan àpótí tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, a ó sì jókòó lé e, a ó yìn ín. Àdìgún, bébà ló ń kó bọ̀. Lórí bébà náà, ó ya àpótí, ó ya ọfà, ó tún ya ohun kan tó dà bí dáyámọ̀ǹdì inú káàdì tẹ́tẹ́. Mo bi í pé kí ni ti dáyámọ̀ǹdì. Ó ní ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti máa ń bèèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ta ló ń bi?"

"Ara rẹ̀ ni."

"Ta ló ń dá a lóhùn?"

"Òun náà ni."

Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn, gbogbo Èkó ló mọ ọsibítù tí wọ́n ń mú irú wọn lọ ní Yábà kan náà.

Ìgbà tó yá, ó gé páálí, ó ya lẹ́tà A, B, D sí i lára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò tò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé, ńṣe ló dà á rú. Ó gbé páálí lé orúnkún, ó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́, kò sí ariwo, kò sí nǹkan tó ń jáde. Ó ní bí bọ́tìnì kọ̀ǹpútà ṣe wà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà iléèwé ò tó wọn, wọ́n ń pín in lò ni. Bó bá kàn ọ́ lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí iná bá sì lọ lákòókò tìrẹ, o pàdánù nìyẹn. Nítorí náà ló ṣe ń fi páálí kọ́ ìka rẹ̀, kí ó má bàa máa wá lẹ́tà kiri nígbà tó bá débẹ̀. Àlàyé yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá dirun lọ́dọ̀ mi ń wò ó, wọ́n á ní, "Àǹtí, àbúrò yín yìí, ṣé dáadáa ló wà?" Mo máa ń ní dáadáa ló wà. Mi ò mọ̀.

Ó wá féèlì. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni. Ó wọlé lọ́sàn-án, ó jókòó sórí àga ẹni tí mò ń dirun fún, ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá tún féèlì, kí n máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Kí n fi iléèwé sílẹ̀."

Mo bi í pé kí ni wọ́n ní kó ṣe tó fi féèlì. Ó ní olùkọ́ á fún òun ní nọ́ńbà tó dàrú, òun á kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á fi tò wọ́n láti kékeré dé ńlá.

"Ìyẹn nìkan? Ọmọ kékeré tò ó. Ìwọ tò ó fún un."

"Èmi lè tò ó. Òun ni kò mọ̀ ọ́n tò."

"Ṣebí o ní gbogbo nǹkan ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kò mọ nǹkan kan, Àǹtí mi. Ohun tí a bá sọ fún un ló ń ṣe, bí a ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀."

Mo ní, "Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ irun yìí, bí mi ò bá ní kí wọ́n gbálẹ̀, inú irun la máa sùn." Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kí ó má rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn kò jẹun dáadáa mọ́. Á kọ bébà, á fà á ya, á tún òmíràn kọ. Ó ní lórí bébà ó dà bíi pé ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí òun bá gbé e fún kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á tò díẹ̀, á tún dàrú. Òun ò rí ibi tí àṣìṣe wà. "Bí mo bá lè fojú rí i," bó ṣe ń wí nìyẹn. "Bí mo bá ṣáà lè fojú rí wọn kí wọ́n máa rìn."

Sátidé ìgbálẹ̀ oṣù ló mú ọgbọ́n jáde. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà ìjọba sójà á rántí. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá á fi lù, kálukú á gbálẹ̀, á kó gọ́tà ojúlé rẹ̀. A ti kó gọ́tà tán, a jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń retí aago. Ni Àdìgún bá jáde pẹ̀lú páálí mílíìkì tó ti gé wẹ́wẹ́, ó kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n gba òun, ọ̀rọ̀ iléèwé òun ni.

Àwọn tó dìde nìyí. Fọkanáísà dìde, ẹni tó ń lẹ táyà ní kọ́nà wa, ọ̀rẹ́ Àdìgún ni. Ìyàwó náà dìde, ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá fún Tíṣà, kò tíì mọ ojú gbogbo wa. Tíṣà fúnra rẹ̀ dìde, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ò fẹ́ ẹ̀kọ́. Èmi náà dìde. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá onílé wa, ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ ṣeré kí ẹ má pè mí?" Ọjọ́ orí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Òun náà gba páálí.

Àdìgún tò wá láti ẹ̀gbẹ́ géètì lọ dé ẹ̀gbẹ́ kànga. Fọkanáísà ló wà lápá géètì pẹ̀lú méjìlá. Ìyá Àgbà tẹ̀lé e, ọ̀kànlélógójì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó gba márùn-ún. Èmi gba méje. Tíṣà tó wà lẹ́bàá kànga gba oókan. Ó ní òun á máa bọ̀ láti apá géètì, òun á máa mú wa ní méjì méjì. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, kó wà lápá géètì. Ẹni tí tirẹ̀ tóbi, kó sún sápá kànga. Kò le.

Ó kan Ìyá Àgbà àti Ìyàwó. Ìyàwó ló ni nọ́ńbà tó kéré, òun ló yẹ kó bọ́ síwájú. Ìyàwó wolẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n kọjá níwájú Màmá."

Àdìgún ní, "Eré ni, ìyàwó wa. Bọ́ síwájú."

Ó bọ́ síwájú. Bí Àdìgún ṣe yíjú sí èmi, Ìyàwó rọra padà sẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ó kan Tíṣà. Tíṣà kọjá níwájú mi, ó kọjá níwájú ìyàwó rẹ̀, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ó ní, "Ẹ dúró níbẹ̀, Màmá, ibí yìí tó mi." Fọkanáísà ní tirẹ̀ wò ó pé oòrùn ń pa màmá arúgbó, ó ní, "Màmá, ẹ wá síbi òjìji," ó fa àga kan sẹ́nu géètì, ó gbé e jókòó. Nígbà tí Àdìgún gbójú sókè, ọ̀kànlélógójì ló wà níwájú gbogbo wa, lórí àga, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Àdìgún fọwọ́ mérí. "Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ò mọ àgbà o!"

"Kò mọ àgbà?" Ìyá Àgbà dá ẹ̀pà dúró. "Ta ló kọ́ ọ nílé? Ṣé kò ní ìyá ni?"

"Kò ní ìyá, Màmá."

"Abájọ tó fi ń ṣe ọ́ báyìí."

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni wolé-wolé wọlé dé, ó wá wo bóyá a gbálẹ̀. Ó bá àgbàlagbà lórí ìlà, kálukú gbé páálí sáyà. Ayé sójà layé yẹn, èèyàn púpọ̀ kì í dúró pọ̀ lásán.

"Ìpàdé kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Kì í ṣe ìpàdé, sà," Àdìgún ló dáhùn. "Kọ̀ǹpútà ni wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà."

Wolé-wolé wo Ìyá Àgbà. "Màmá yìí náà?"

Ìyá Àgbà ní, "Èmi ni ọ̀gá wọn."

Ọkùnrin náà yọjú wo gọ́tà, ó jáde, ó ń wẹ̀yìn bó ṣe ń lọ. Tíṣà ní ohun tó ń kó ẹ̀gàn bá ni rèé, òun ní ìwé ọmọléèwé tí òun fẹ́ máàkì, ó gbé páálí rẹ̀ sórí ẹnu kànga, ó wọlé lọ.

Mo rò pé eré ti parí. Àdìgún dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Ká ní ìyá kan náà ló bí gbogbo wa, nọ́ńbà ọwọ́ yín ni ipò tí ẹ bọ́ sáyé. Oókan ni àkọ́bí. Nọ́ńbà tó bá tóbi, àbúrò ni. Bí ẹ bá pàdé, kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sì yẹ̀ fún un. Ṣé ó yé yín?"

Ó yé wọn! Àwọn tí kò gbọ́ gbogbo àlàyé tó ti ń ṣe, ojú ẹsẹ̀ ni èyí yé wọn. Ó mú páálí Tíṣà, ó ní òun fúnra òun ni oókan, ó lọ dúró lẹ́bàá kànga. A padà sí bí a ṣe wà níbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà ló dùn mọ́ jù. Àbíkẹ́yìn ni. Ó kí Fọkanáísà, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá." Fọkanáísà, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún rọ́bà, ní, "Káàárọ̀, ọmọ dáadáa, ṣé o ti fọnu?" Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún Ìyàwó, Ìyàwó fi ìborùn bojú, ó ń gbọ̀n fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó kọjá síwájú. Ìyá Àgbà kí mi, ó kí Àdìgún, ó sì bá ara rẹ̀ lẹ́bàá kànga níbi tó yẹ kó wà. Àdìgún wo ìlà. Ìyá Àgbà ti dé ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa yòókù ṣì dàrú. Méjìlá ló ṣíwájú, oókan wà lẹ́yìn.

Ìyàwó ní, "Ṣé ó ti tán, bọ̀ọ̀dá?"

Ẹnu Àdìgún là sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ni," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní kó rìn ín! Mo rò pé bó bá ti dé òpin, ó ti parí." Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní ká tún bẹ̀rẹ̀ láti géètì. A tún bẹ̀rẹ̀. Fọkanáísà yẹ̀ fún Ìyàwó, ó yẹ̀ fún mi, ó yẹ̀ fún Àdìgún, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá kàn, eruku bò ó láyà. A tún padà sí géètì.

Ìgbà tí a rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ó kan èmi àti Àdìgún.

Méje ló wà lọ́wọ́ mi. Oókan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi gbogbo wọn ṣẹ̀sín, ẹsẹ̀ mi kò gbé. Ọmọ tí mo wẹ̀, tí mo fi omi gbígbóná tẹ ìwọ́ fún, tí mo gbé jáde nínú iná àdògán lọ́jọ́ tó ṣubú sí i. Mo ní, "Ìyẹn ò ṣeé ṣe." Wọ́n pariwo lé mi lórí. "Àǹtí, ẹ kí bọ̀ọ̀dá yín!" Àdìgún ń wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe eré mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí mi ò bá yẹ̀, kò ní rí ohun tó ń wá.

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

Ó ní, "Káàárọ̀, àbúrò mi. Ṣé o sùn dáadáa?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú mọ́ ọn nídìí. Mo dìde, mo sún sẹ́yìn, Àdìgún kọjá níwájú mi. A tún rìn ín, Ìyàwó yẹ̀ fún un. A tún rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí kálukú wo nọ́ńbà ẹnìkejì rẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹsẹ̀. Àdìgún wà lẹ́nu géètì, Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá kànga, àwa tó kù wà láàárín, bí ìka ọwọ́.

"Ó parí," Àdìgún wí. "Ìgbà tí a bá rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí ẹnikẹ́ni ò yẹsẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ló parí." Ó sáré wọlé lọ kọ ọ́. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Aago mẹ́wàá lù, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo tẹ̀lé e lọ sí Yábà. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ra irun àtọwọ́dá lọ́jà ni, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Mo dúró lábẹ́ igi títí olùkọ́ fi jáde, tó ń gbé ìwé lọ. Àdìgún jáde wá, ó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá kọ̀ǹpútà pé kó jẹ́ kí n wọlé wò ó. Ọkùnrin náà ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ bàtà bí ẹni fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Yàrá náà tutù bí àárọ̀ ọyẹ́. Mo wò yíká, mo ń wá ibi tó fẹ̀ tí nǹkan lè máa rìn. Kò sí. Ohun tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré ni wọ́n tò sórí tábìlì, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà aláwọ̀ ewéko tútù ń ṣẹ́jú níbẹ̀.

Àdìgún tẹ nọ́ńbà tó dàrú sí i. Ó tẹ bọ́tìnì kan. Kí n tó mí, nọ́ńbà ti tò.

"Níbo ni wọ́n ti ń yẹ̀ fún ara wọn?"

"Inú ibẹ̀ náà ni, Àǹtí mi."

"Mi ò rí wọn."

"Èmi náà ò rí wọn. Ẹ̀yin ni mò ń rí."

Mo jáde, mo wọ bàtà mi, orí mi wú, mi ò sì mọ ohun tí mo rí. Ó páàsì. Ó parí iléèwé, ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan lápá Costain níbi tí kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà í tan àfi òun. Lẹ́yìn náà ó lọ sí iṣẹ́ mìíràn, lẹ́yìn náà òmíràn, ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó kọ́lé. Bí wọ́n bá bi mí níṣẹ́ tó ń ṣe, mo máa ń ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní ó dáa. Bí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé, mo máa ń ní ó ń to nǹkan.

Ṣùgbọ́n láti Sátidé yẹn, bó bá ku èmi àti òun nìkan, kì í pè mí ní Àǹtí mọ́. "Àbúrò mi" ló ń pè mí. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, á pè mí láàárọ̀, á ní, "Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?" Èmi náà á ní, "Mo ti jẹun, bọ̀ọ̀dá mi." Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé bàbá wọn ń ṣe àṣìsọ. Ọkọ mi kú, òun ló dúró tì mí. Ojú mi ń dùn mí, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù, ó ń dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì. Ní ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn lórí ibùsùn ọsibítù, tí ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, mo ń sunkún. Ó ní, "Àbúrò mi, máa lọ sinmi nílé." Mo sì lọ sinmi nílé. Ilé ni mo wà tí wọ́n fi pè mí.

Àwọn àgbà wa jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n tún sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kì í rí sàréè àbúrò, èèwọ̀ ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Fọkanáísà wà níbẹ̀. Ó ti darúgbó báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, láti Muṣin ló ti wá kí wa. Nígbà tí àwọn àgbà lọ jẹun, mo sún mọ́ ọn.

"Ṣé o rántí Sátidé yẹn?"

"Mo rántí, Àǹtí. Méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi."

"Mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Méje."

"Àdìgún ńkọ́?"

"Oókan."

"Ta wá ni ẹ̀gbọ́n?"

Fọkanáísà wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ó rú mi lójú. Ìyá Àgbà tó gba ọ̀kànlélógójì ló kọ́kọ́ lọ nínú gbogbo wa. Lẹ́yìn rẹ̀ Tíṣà, tí kò tiẹ̀ ṣeré náà parí. Mi ò mọ bí ikú ṣe ń to tirẹ̀."

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ti rò ó títí, mo ń rò ó láti apá géètì, mo ń rò ó láti apá kànga. Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ sáyé, èyí dájú. Òun ni mo kúnlẹ̀ fún, èyí náà dájú. Ó sì ti bọ́ síwájú mi báyìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé e jáde láàárọ̀. Wọ́n fi obìnrin kan tì mí nílé kó máa ṣọ́ mi. Mo sọ fún un pé kó wá mú mi lọ́wọ́ ká lọ, ó ní èèwọ̀ ni, mo ní bọ̀ọ̀dá mi ni wọ́n fẹ́ sin. Ó wò mí bí àwọn tó ń wá dirun ṣe máa ń wo Àdìgún àti páálí rẹ̀. Ó mú mi lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn àgbà rí mi, wọ́n yẹ̀ fún mi. Mo bọ́ bàtà. Mo kúnlẹ̀ létí sàréè, mo kí i, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá mi." Fọkanáísà ló gbé mi dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àkọ́bí ló kọ́kọ́ bù, àbíkẹ́yìn ló bù gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn wọn, mo bu tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín. Òjò ò rọ̀, àrá ò sán.